Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Wa Lórí Kóòdù Tí Ẹ Ní A Kò Gbọdọ̀ Fi Sílẹ̀ fún Aráyé

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ìgbìmọ̀ Olùdarí àti Ẹ̀ka Òfin,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, èyí tó sọ pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi kóòdù, ìbáà ṣe ìlà kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source kankan mọ́ (ìyẹn sọ́fíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe), yálà láti orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tàbí láti orí tara rẹ̀, yálà lákòókò iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́. N kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ wa nínú lẹ́tà yìí, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sí gbangba ni pé mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, láti Yábàá dé Ìkẹjà, pé irú àṣẹ yìí wà lọ́dọ̀ tiwọn náà, ṣe ni kálukú sì ń gbé e mì. Ọ̀nà tó yẹ ni mo kọ́kọ́ gbà: mo kọ ímeèlì sí ọ̀gá ẹ̀ka wa, ọ̀gá ẹ̀ka fi ṣọwọ́ sí ẹ̀ka òfin, ẹ̀ka òfin kò sì fèsì títí ìkéde yìí fi jáde.

Èkíní, ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, nítorí ó jọ pé èyí tó dé etí yín kò pé.

Sọ́fíwíà tí à ń tà ni àwọn ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú orúkọ àti àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn náà, aláìsàn kan wá tí n óò máa pè ní Adébọ̀wálé nínú lẹ́tà yìí. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tẹ orúkọ náà láti orí fóònù, ó sì fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i bó ṣe yẹ. Nígbà tí àwọn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá orúkọ kan náà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, tí àwọn náà sì fi gbogbo àmì sí i, ẹ̀rọ dá wọn lóhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ṣí káàdì tuntun. Orí káàdì àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ara aláìsàn yìí kò gba pẹnisílínì. Káàdì kejì kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti mọ aláìsàn náà tẹ́lẹ̀ ló ní kí wọ́n dúró ná.

Ohun tó fà á kò ṣòroó ṣàlàyé. Lẹ́tà ọ̀ tó wà nínú orúkọ yẹn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ẹ̀rọ kan lè mú ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, kó wá fi àmì ohùn lé e lórí. Òmíràn lè mú o lásán, kó fi àmì abẹ́ sí i, kó tó wá fi àmì ohùn sí i. Òmíràn á mú ò, á sì fi àmì abẹ́ sí i gbẹ̀yìn. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi bí ẹni tó kọ sọ́fíwíà bá ti ní kó sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra. Unicode ní ìlànà tó ń ṣe èyí, àwọn tí wọ́n ń pè ní NFC àti NFD. Àmọ́ ìlànà náà kò ran ẹni tó bá fi igi kékeré òòró sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, bí àwọn kan nínú wa ṣe ń ṣe, nítorí pé àmì ọ̀tọ̀ pátápátá ni Unicode ka igi yẹn sí, ẹni tó bá sì fẹ́ kí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú kóòdù. Library (àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò) tí à ń lò láti fi orúkọ wéra kò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí. N kò dá àwọn tó kọ ọ́ lẹ́bi, orúkọ Yorùbá kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Èmi àti akẹgbẹ́ mi kan tún un ṣe. Àtúnṣe náà kò gùn rárá. Ìdánwò tí a kọ tẹ̀lé e ló gùn jù ú lọ, nítorí a kó Ṣẹ́gun, Títílayọ̀ àti Ọláolúwa sínú rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn lè gbà tẹ̀ wọ́n, a sì fi àwọn orúkọ Ígbò bí Ngọzị àti Ụzọma kún un. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo oníbàárà wa títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. A wá kọ̀wé sí àwọn alábòójútó library náà, wọ́n sì ní àwọn máa gbà á tayọ̀tayọ̀, kí ẹni tó ni kóòdù náà ṣáà ti jẹ́rìí pé òun fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dúró sí.

Èkejì, a kò bá yín du ẹni tó ni kóòdù. Ìkéde yín sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ohun ilé-iṣẹ́ tọrẹ bí ohun ìní bàbá wọn. Ìwé àdéhùn tí a fọwọ́ sí nígbà tí ẹ gbà wá síṣẹ́ sọ ọ́ kedere pé ohunkóhun tí a bá kọ lẹ́nu iṣẹ́ yín, tiyín ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. A kì í ṣe ẹrú o, ṣùgbọ́n ní ti ẹrù, àwa fúnra wa la tọwọ́ bọ̀wé. Òfin Nàìjíríà ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀, ó sì ń dáàbò bò ó bó ṣe ń dáàbò bo ìwé. Nínú òfin tí ti ọdún 2022 rọ́pò, ẹni tó kọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín, ì báà jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ló ti kọ ọ́, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni òfin ọdún 1988 fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní Amẹ́ríkà. Ní tiwa, ìwé àdéhùn ti parí àríyànjiyàn.

Ìdí tí a fi tọ̀ yín wá gan-an nìyẹn. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn oníṣẹ́ open source tí ẹ rò pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan yín lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni wọ́n ń ṣọ́ra jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ SCO gbé IBM lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní IBM ti kó ohun tó jẹ́ ti àwọn láti inú UNIX, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, wọ inú Linux, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ open source. Ẹjọ́ náà fà nílẹ̀ títí di ọdún 2021. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 2004, ni Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀rí orísun kalẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá fi kóòdù ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ Signed-off-by sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń jẹ́rìí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sílẹ̀ lábẹ́ láísẹ́ńsì iṣẹ́ náà, ìyẹn ìwé tó sọ bí aráyé ṣe lè lò ó. Ní ti Apache, àjọ kan tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source, ìwé tí wọ́n ń fún olúkúlùkù láti fọwọ́ sí bi í bóyá agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó kọ. Bó bá ní in, ó gbọ́dọ̀ sọ pé agbanisíṣẹ́ gbà òun láyè, tàbí pé ó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀, tàbí pé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé tí Apache ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ kan lábẹ́ GNU, ètò mìíràn tó ń kọ irú sọ́fíwíà yìí, tilẹ̀ máa ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tààrà. Bí mo bá fẹ́ jí kóòdù yín, iwájú àwọn wọ̀nyí kọ́ ni ǹ bá gbé e lọ.

Ẹ̀kẹta, ìkéde yín ní àwọn tí a jọ ń du ọjà yóò jẹ nínú ohun tí a bá fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohun tí ilé ìwòsàn ń torí rẹ̀ sanwó fún wa ni bí a ṣe ń ṣètò ìwé owó tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn abánigbófò ìlera, bí a ṣe ń tọ ipa òògùn láti ilé ìkẹ́rù dé ọwọ́ aláìsàn, àti bí a ṣe ń dá wọn lóhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ní àárín òru. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní kí a fi ìyẹn síta, bí ẹnì kan bá sì dá a lábàá, èmi ni màá kọ́kọ́ ta kò ó. Àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ọjà wa. Ilé ìwòsàn kan kò ní fi wá sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn nítorí pé tọ̀hún náà ti mọ Adébọ̀wálé kà.

Ohun tí àṣẹ yín ń ná ilé-iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Nítorí pé àtúnṣe wa kò sí nínú library tí gbogbo ayé ń lò, ẹ̀dà tiwa ni à ń tọ́jú lọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀yà tuntun bá jáde ni ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ jókòó tún àtúnṣe náà lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì tún ìdánwò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà kan jáde láìpẹ́ yìí tí wọ́n ti tún fáìlì tí a fọwọ́ kàn kọ látòkèdélẹ̀, tiwa kò sì wọlé mọ́. A dúró sórí ẹ̀yà àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ààbò wà nínú èyí tuntun tí a kò lè lò. Bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó sì kọ̀ kí wọ́n dí ojú ihò náà ni ọ̀rọ̀ wa rí. Owó oṣù tí ẹ ń san fún wa ni ẹ fi ń gbọ́n omi yìí, àwọn oníbàárà yín sì ni nǹkan máa ṣe bí ó bá rì.

N kò fẹ́ kí ẹ kà á sí àánú ṣíṣe. Linux tí sáfà wa ń lò ti wà láti ọdún 1991, inú Yunifásítì California ní Berkeley ni PostgreSQL tí a kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sí ti jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lórí ìkankan. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí Red Hat, Intel àti Google ń sanwó oṣù fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kọ kóòdù sínú Linux. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú. Wọ́n mọ̀ pé àtúnṣe tó bá ti wọ inú èyí tí gbogbo ayé ń lò, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa bá àwọn tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rù àṣírí. Níbí, ìbẹ̀rù yín tọ̀nà. Ẹnì kan lè fi password tàbí àdírẹ́sì ibi àkọsílẹ̀ oníbàárà sílẹ̀ nínú kóòdù, bó bá sì ti fi í ránṣẹ́ síta, pé ó pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì kò tó, nítorí ó ṣì wà nínú ìtàn tí Git, irinṣẹ́ tó ń kọ gbogbo àyípadà kóòdù sílẹ̀, ń tọ́jú. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù èyí kò mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó máa yẹ kóòdù wò kó tó jáde ni oògùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí kóòdù tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà.

Mo tún gbọ́ pé ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ xz, library open source kan tí ẹnì kan fi ẹ̀tàn bà jẹ́, ṣe àpẹẹrẹ ní ìpàdé yín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí èèyàn fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò fojú fò ó. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi rí i pé ẹnì kan ti ri ilẹ̀kùn ẹ̀yìn (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ inú ẹ̀rọ) mọ́ inú ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, library kan tó wà lórí àìmọye ẹ̀rọ Linux. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà ti fi nǹkan bí ọdún méjì sún mọ́ alábòójútó tó ń dá nìkan ru ẹrù iṣẹ́ náà, tó ń ṣe bí olùrànlọ́wọ́. Bí ìtàn yìí bá fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ wa ní nǹkan, kì í ṣe pé kí a máa fi àwọn alábòójútó wọ̀nyí sílẹ̀ láìràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó sì kó ayé yọ nínú rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń san owó oṣù fún láti máa ṣiṣẹ́ ní gbangba.

Ẹ̀karùn-ún, àṣẹ yín lè mú ilé-iṣẹ́ rú láísẹ́ńsì, èyí sì ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀ka òfin kọ́kọ́ rí. Àpótí kékeré tí à ń gbé lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń ṣe ségesège, Linux ló wà nínú rẹ̀, a sì fọwọ́ kan kernel rẹ̀, ìyẹn ọkàn Linux, nítorí modem tó ń lò. GPL ẹ̀yà kejì ni láísẹ́ńsì kernel yẹn. Bí a bá lò ó láàárín ara wa, kò sí ẹni tó máa bi wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí a ti gbé e fún oníbàárà, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí kóòdù kernel náà pẹ̀lú ohun tí a yí padà nínú rẹ̀. Ìkéde tó ní ìlà kan kò gbọdọ̀ jáde kò lè wà pẹ̀lú ẹ̀tọ́ yẹn. Ní ọdún 2003, àwọn èèyàn rí i pé Linux ló wà nínú WRT54G, ẹ̀rọ tí Linksys ṣe láti máa pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn títí ilé-iṣẹ́ náà fi gbé kóòdù rẹ̀ síta. Láti ara kóòdù yẹn ni OpenWrt, sọ́fíwíà open source fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ti jáde. Cisco, tó ra Linksys, ṣì tún bá àjọ Free Software Foundation, tó kọ GPL, dé ilé ẹjọ́ ní ọdún 2008 lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ̀kẹfà, àkókò tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Akẹgbẹ́ mi kan ń bójú tó pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá fún fóònù láti ìgbà tó ti wà ní yunifásítì, kí ẹ tó gbà á síṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ló ti ń ṣe é, ní ọjọ́ ìsinmi, kò sì jọ ohunkóhun tí ẹ ń tà. Ìkéde yín ní kó dáwọ́ dúró. Ìwé àdéhùn wa sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a bá kọ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ibì kankan tó ti mẹ́nu kan ọjọ́ Sátidé wa. Ní California, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́fíwíà tó tóbi jù lọ wà, abala 2870 òfin iṣẹ́ wọn kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ gba ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe ní àkókò ara rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò ara rẹ̀, àyàfi bó bá kan òwò ilé-iṣẹ́ tàbí tó jáde láti inú iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Mo mọ̀ pé òfin wọn kò dè yín. Mo kàn ń sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò tìtorí rẹ̀ kógbá sílé.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí:

a) Kí ẹ yọ gbólóhùn tó kan àkókò ara ẹni àti kọ̀ǹpútà ara ẹni kúrò nínú ìkéde náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

b) Kí ẹ fún wa ní àṣẹ àpapọ̀, lórí ìwé, láti máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn library tí à ń lò tẹ́lẹ̀, tí láísẹ́ńsì wọn bá jẹ́ MIT, BSD tàbí Apache 2.0 (àwọn láísẹ́ńsì tí kò fi dandan mú wa fi kóòdù tiwa síta), bí ẹlòmíràn nínú ẹ̀ka wa bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì fọwọ́ sí i pé kò sí àṣírí oníbàárà nínú rẹ̀.

d) Fún ohun tó bá tóbi ju àtúnṣe lọ, kí ẹ yan ẹnì kan pàtó ní ẹ̀ka òfin tí a óò máa kọ̀wé sí, kí ó máa fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Bí kò bá fèsì, kí ọ̀rọ̀ náà lọ sí tábìlì Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀.

e) Kí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti bèèrè rẹ̀, kí a sì máa fi ímeèlì ilé-iṣẹ́ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ sórí ohun tí a bá kọ lẹ́nu iṣẹ́. Tiyín ni, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà lára rẹ̀.

ẹ) Kí agbẹjọ́rò tó mọ láísẹ́ńsì yẹ àpótí ilé ìwòsàn yẹn wò, kó sì sọ fún wa ohun tó yẹ kí a ti máa fún àwọn oníbàárà.

f) Ní ti àtúnṣe orúkọ, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, lórí ìwé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i, kó sì jẹ́ ìdí tí a lè fi han ilé ìwòsàn tó ṣí káàdì méjì fún aláìsàn kan. Ìwé tí àwọn alábòójútó library náà ní kí ẹ fọwọ́ sí kò ju ojú ewé kan lọ, ó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka òfin láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ kọ̀wé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yín